Bí Mo Ṣe Wá Baba Òyìnbó Lọ sí Adó

Mo bá òyìnbó kẹ́dùn ikú baba rẹ̀ l'Adó, baba rẹ̀ sì wà láàyè. Ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ, n ó sọ bó ṣe jẹ́.

Òyìnbó náà, Láàsẹ̀nì, ń tọrọ ilẹ̀ ẹbí wa n'Ìyìn, kí ó fi kọ́ ilé tí yóò máa kó kòkó sí. Àwa kì í sì í fún ẹni tí a kò mọ baba rẹ̀ ní ilẹ̀. Nítorí pé mo mọ ìwé díẹ̀ kà, èmi ni wọ́n rán lọ wádìí baba rẹ̀ l'Adó, níbi tó ń gbé.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi wà nínú lọ́rì, tọ́rọ́ ni owó ọkọ̀. Gbogbo ibi tó bá ti dagẹ̀rẹ̀ ni mo ń dijú. Awakọ̀ ní kí n jọ̀wọ́ ilẹ̀kùn òun, pé dídì tí mo dì í mú kọ́ ló ń dá ọkọ̀ dúró. L'Adó, mo jẹ ẹ̀kọ àti àkàrà. Àkàrà wọn kéré sí tiwa, ṣùgbọ́n ata inú rẹ̀ kì mí láyà.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ òyìnbó, akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Òkè-Ìlá, ló ń túmọ̀ fún wa. Mo béèrè ọmọ ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ í ṣe. Ó ní ọmọ Láàsì ni: "sẹ̀nì" lédè Dẹ́nímáàkì, ìlú wọn, ọmọkùnrin ni. Mo ní Láàsì ńkọ́? Ó ní ó ti kú. Ni mo bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo ní ẹ̀yìn Láàsì á dára.

Òyìnbó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní Pítà ló bí òun, ó ń bẹ nílé, ó ń fa táábà. Láyé àtijọ́, orúkọ baba rẹ̀ ni oníkálùkù wọn ń jẹ́, títí ìjọba fi pàṣẹ pé kí orúkọ má yí mọ́. Ọmọ Láàsì kan ni àṣẹ náà bá. Láti ìgbà náà, ọmọ Láàsì ni gbogbo wọn. Mo ní ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Ó ní òun náà, ọmọkùnrin Láàsì ni. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà, bóyá obìnrin onírùngbọ̀n ni yóò wọlé.

Nígbà tí mo padà délé tí mo ròyìn, ẹbí pín sí méjì. Àwọn kan ní ẹni tó ní baba méjì kò ṣe é fún nílẹ̀; àwọn kan ní baba méjì sàn ju àìní lọ. Ẹ̀yìn òyìnbó ni èmi wà, ó fún mi ní sìgá.

Ìyá Àgbà, tó dàgbà jù nínú wa, wá bi mí bóyá ó dá mi lójú pé orúkọ òkú yìí kò kúrò lára wọn mọ́. Mo ní ó dá mi lójú.

"Ẹ má fún un," ni Ìyá wí. "Orúkọ lásán, wọ́n gbà á, wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀ mọ́. Ṣé ilẹ̀ ni wọ́n máa wá jọ̀wọ́?"