Orúkọ Mi Lẹ́nu Ọmọ Ọmọ Mi

Ẹnu mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dínà mọ́ ọmọ ọmọ mi.

Ní ilé tí mò ń gbé ní Jenfeld, lórílẹ̀-èdè tí Berlin wà, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé mo ti gbé Denmark rí. Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀, nígbà tí mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ kó ẹja. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọjọ́ mẹ́ta di ọdún mẹ́ta. Mo ní ẹja kan níbẹ̀ ga jù mí lọ, ó sì mi orí sí mi bí ẹni tó ń kí èèyàn káàárọ̀. Èmi tí mi ò ka ìwé kọjá kíláàsì kẹrin, mo tún ń ròyìn yunifásítì wọn. Mo ní ọmọléèwé á gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì, á sì rán olùkọ́ lómi. Ẹyọ kan ṣoṣo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀: orúkọ gan-an ni wọ́n ń pe olùkọ́ wọn, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì.

Ìgbà tó yá, yunifásítì kan ní Denmark gba ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi, wọlé. Bàbá rẹ̀, ọmọ mi ọkùnrin, pè wá láti Berlin.

"Kò ní lọ síbì kankan. Ibi tí wọ́n ti ń pe olùkọ́ lórúkọ, tí wọ́n ń gbé ẹsẹ̀ lé tábìlì? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi, Bàbá! Kó wá kàwé ní Berlin níbí."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Kí n sọ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan, inú mi dùn díẹ̀. Tó bá lọ, ta ló máa ka lẹ́tà ìjọba fún mi?

Ọmọ náà wọ ilé ìdáná, ó ń fọ abọ́ kan ṣoṣo, kò fọ̀ ọ́ tán. Mo tọ̀ ọ́ lọ.

"Kí ló wà níbẹ̀ gan-an?"

"Bàbá àgbà, ẹ rántí ọ̀rẹ́ mi tá a jọ wà ní kíláàsì kẹrin?"

Mo rántí. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni wọ́n nígbà tí àwọn olùkọ́ pín wọn sí iléèwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ sí Gymnasium, iléèwé àwọn tí wọ́n ní orí wọn pé. Wọ́n ní orí ọmọ tiwa kò tó ibẹ̀. Ó sunkún títí ibà fi mú un.

"Níbẹ̀, wọn kì í pín ọmọ títí á fi tó bí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo fẹ́ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọ̀la ni mo gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Berlin. Ọmọ mi dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, ṣé kò sí nǹkan?"

"Irọ́ ló gbé mi wá."

Mo jẹ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹja, tábìlì, omi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ti orúkọ ńkọ́?"

"Òótọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín tán. "Tó bá tibẹ̀ dé tó pe èmi náà lórúkọ ńkọ́?"

"Jẹ́ kó kọ́kọ́ fi tèmi dán an wò. Tó bá pè mí, tó ṣì kúnlẹ̀ fún mi, kó máa lọ."

Ó gbà. Nígbà tí mo padà délé ní ìrọ̀lẹ́, a pe ọmọ mi lórí fóònù kó lè máa wò wá. Mo jókòó sórí àga ilé ìdáná.

"Ó yá, pe orúkọ mi."

"Nein, Bàbá àgbà! N kò lè ṣe é."

"Ṣé Bàbá àgbà lo máa pe ọ̀jọ̀gbọ́n ni?"

Ó dín iná abẹ́ iṣu kù. Lẹ́yìn náà ó pè é, jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n kí orúkọ náà tó parí lẹ́nu rẹ̀, orúnkún rẹ̀ ti kanlẹ̀.

Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sí ẹni tó pe orúkọ yẹn báyẹn mọ́. Díẹ̀ ló kù kí n dáhùn pé, "Mà."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú fóònù: "Ó dáa. Kó lọ."

Ọmọ náà fi èsì ránṣẹ́ sí yunifásítì náà kí iṣu orí iná tó jinná. Mo wá ní kó tún orúkọ náà pè lẹ́ẹ̀kan sí i, kó lè mọ́ ọn lẹ́nu.