Kamaráàdì Inú Orin Mi

Orin rọ́ọ̀kì ni mo ń kọ ní Parakou láyé ìjọba rẹfolúṣọ̀n, ìjọba àwọn sójà tó ní kí gbogbo èèyàn máa pe ara wọn ní kamaráàdì, nígbà tí gbogbo ẹgbẹ́ olórin ń kọrin yin ìjọba. Èmi ò sí lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan. Rédíò bàbá mi ni mo so gìtá mi mọ́, ohùn rẹ̀ sì máa ń há bí ti ẹni tí òtútù mú. Ìró yẹn ṣì ń wù mí gbọ́ dòní.

Mo kọ orin kan fún ọmọbìnrin tó ń bá ìyá rẹ̀ ta aṣọ lọ́jà Arzèkè: "Olólùfẹ́, dúró dè mí." Mo ti kọ ọ́ sí i létí rí. Àmọ́ kí n tó kọ ọ́ ní gbangba ní àdúgbò Ladjifarani, ọ̀gá kòmítè tí ìjọba yàn síbẹ̀ ní kí òun kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní ìfẹ́ kì í kọ́ ìlú, kí n fi ọ̀rọ̀ ìjọba sí i. Inú bí mi. Mo yọ "olólùfẹ́", mo fi "kamaráàdì" sí i, n ò fọwọ́ kan ìyókù. Nígbà tí mo kọ ọ́ ní gbangba, ọ̀gá náà pàtẹ́wọ́. Ọmọbìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu láàárín èrò, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òun ni ìyàwó mi. Nígbà tí ìjọba yẹn kógbá sílé, táwọn èèyàn ò pe ara wọn ní kamaráàdì mọ́, mo dá "olólùfẹ́" padà sínú orin náà, mo kọ ọ́ fún un nílé. Orin náà ò tíì dé ìdajì tí ìyàwó mi fi gbé aṣọ tó ń ká sílẹ̀.

Ó ní, "Ta lẹ ń kọ ìyẹn fún? Kamaráàdì lorúkọ tèmi."