Ìṣáná Inú Àpò Bàbá Mi

Bàbá mi kò mu sìgá rí, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí ìṣáná kì í sí nínú àpò rẹ̀. Aṣọ ló ń fi í sun. Télọ̀ ni ní Sabon Zongo ní Accra, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò sì ju ibi tí èèyàn méjì lè jókòó sí kí orúnkún wọn máa gbá ara wọn. Aṣọ àlòkù tó ti sú àwọn òyìnbó, èyí tí àwọn ará Ghana ń pè ní obroni wawu, ló ń rà ní ọjà Kantamanto. Á tú u palẹ̀, á fi rán ṣòkòtò ọmọdé, á fi rán kaftan fún àwọn tó bá fẹ́ kí Ọlọ́run tètè rí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀. Kó tó fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ kankan, yóò fa fọ́nrán òwú kan yọ létí rẹ̀, yóò ṣá ìṣáná sí i, yóò sì gbé e sún mọ́ imú.

Bí fọ́nrán náà bá jó bíi bébà, tó rùn bíi bébà, tí eérú rẹ̀ sì fọ́ túútúú lọ́wọ́, òwú gidi nìyẹn. Bó bá rùn bí irun tó jóná, irun àgùntàn ni, kí wọ́n bá wa dá a padà sí ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Ṣùgbọ́n bó bá súnkì, tó yọ́, tó di kóró dúdú kan tó le, bàbá mi á pòṣé, á ní, "Rọ́bà."

"Oòrùn Accra rèé," ni yóò sọ fún ẹni tó gbé irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wá. "Èèyàn kì í ṣe mọ́ínmọ́ín tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rá dì sè. Wallahi, mi ò rán an."

Wọ́n á bẹ̀ ẹ́, wọ́n á pè é ní Alhaji. Kò dé Mẹ́kà rí. Ibi tó jìnnà jù tó dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i sí Accra ni Kumasi, ó sì ní omi ibẹ̀ kò bá òun lára mu. Ẹ̀bẹ̀ náà kì í mú un yí ọkàn padà. Oníbàárà á kó rọ́bà rẹ̀ ńlẹ̀, á gba ọ̀dọ̀ télọ̀ tí kò ní ìṣáná lọ, irú wọn sì pọ̀ ládùúgbò.

Kí n sọ òótọ́, ojú máa ń tì mí. Yunifọ́ọ̀mù mi ń rùn bí ohun tó jóná láti kíláàsì kìn-ín-ní títí mo fi jáde ilé ẹ̀kọ́. Bàbá mi kì í sì í ju nǹkan nù. Bọ́tìnì wà nínú agolo mílíìkì, kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì la fi ń gbé ìkòkò gbígbóná, èyí tó bá kéré jù ni àwọn fìtà tó ń tún mọ́tò ṣe ń gbà lọ nu ọwọ́. Ìrọ̀rí tí mo fi ń sùn, àjákù ṣòkòtò ló kún inú rẹ̀, mo sì máa ń dùbúlẹ̀ lálaalẹ́ kí n máa ro irú òyìnbó tó lè ti jókòó lórí ohun tí mo gbé orí lé.

Aṣọ kan ṣoṣo ni mi ò rí i kó ṣá ìṣáná sí rí. Màámi ló rà á fún un lọ́dún tó ṣáájú ikú wọn, aṣọ aláwọ̀ ewé kan tó ń dán, bàbá mi sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán an ní kaftan. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń wọ̀ ọ́ lọ́dún, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ àti ọjọ́ Iléyá. Bó bá ti bọ́ ọ, á fi kọ́ ara ògiri, á sì fi bẹ́díṣíìtì bò ó.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí iṣẹ́ ní Labone, àdúgbò àwọn olówó, ní ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kì í ti í ṣáná sí aṣọ, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Obìnrin ará Ghana kan ló ni ín, ó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù pẹ́ débi pé imú ni èdè Twi rẹ̀ ń gbà jáde. Aṣọ tí kò pa ayé lára ló ní òun ń tà. Ó máa ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ ayé bí ẹni pé àbúrò òun ni, tí ara rẹ̀ kò yá. Ó ní aṣọ oníke tí kì í jẹrà ló ba gbogbo nǹkan jẹ́, èyí tí àgbàrá ń wọ́ láti Kantamanto gba Odawna lọ títí dé òkun. Òótọ́ ni, èmi náà ti rí i. Bí òjò bá rọ̀, ẹ ó rí kóòtù òyìnbó tó ń lọ nínú gọ́tà, apá méjèèjì nà gbalaja, bí ẹni tó ní ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Ti màdáámù yàtọ̀, ó ní. Òwú tí wọ́n gbìn láìlo kẹ́míkà ni, wọ́n sì fọwọ́ hun ún ní apá Àríwá.

Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa kọ káàdì kékeré tí wọ́n ń so mọ́ aṣọ náà lọ́rùn. Mo kọ ọ́ pé: "Ìyá arúgbó kan ló ran òwú aṣọ yìí lábẹ́ igi òrí. Bí o bá wọ̀ ọ́, ilẹ̀ ayé á mí." Èmi ni mo bí ìyá arúgbó náà. Màdáámù fẹ́ràn rẹ̀, aṣọ ń tà, mo bá fún un ní ọmọ-ọmọ méje. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo fọ́ ojú rẹ̀ kan. Aṣọ tún tà sí i.

Inú ọ̀rá ni aṣọ náà ń gbà wọlé, ìwé àwọn ará Ṣáínà sì wà lára ọ̀rá náà. Ó ń dán, kì í sì í rún. Ọmọ télọ̀ ni mí, ó yẹ kí n mọ̀, mo sì mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ sí mi lọ́rùn, mo ní tábìlì tèmi, màdáámù sì ti ṣèlérí pé bí àwọn òyìnbó kan bá gbà láti máa ra aṣọ náà lọ sílùú wọn, òun á ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, èmi ni màá sì jẹ́ máníjà ibẹ̀. Mo fẹ́ ipò yẹn gan-an. Mo fẹ́ ẹ débi pé mo ti ń fi bíró dán sáìnì máníjà wò lẹ́yìn káàdì.

Ọ̀sán Sátidé kan ni àwọn òyìnbó náà fẹ́ wá. Màdáámù ní òun nílò télọ̀ ìbílẹ̀ kan tí yóò jókòó sídìí maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, pé àwọn àlejò fẹ́ràn bẹ́ẹ̀. Kò ní rán nǹkan kan o. Kó kàn máa tẹ̀ ẹ́. Mo ní mo ní bàbá.

Mo rò pé bàbá mi yóò kọ̀. Ó bi mí pé, "Níbi iṣẹ́ ẹ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tó di ọjọ́ náà, ó ká bẹ́díṣíìtì kúrò, ó sì wọ kaftan tí Màámi rà. Kì í ṣe Ìtúnu, kì í ṣe Iléyá. Inú mi dùn, àyà mi sì já díẹ̀. A fi okùn di maṣíìnì mọ́ ẹ̀yìn takisí, ó sì ń wo ẹ̀yìn títí a fi dé Labone.

Àlejò pé. Màdáámù mú káàdì kan, ó kà á sókè fún wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, tòun ti arúgbó, tòun ti ojú tó fọ́. Òyìnbó kan nu omi ojú. Bàbá mi ń tẹ maṣíìnì tí kò sí òwú nínú rẹ̀.

"Ṣé mi ò ní rán nǹkan ni?" ó bi mí ní Yorùbá nígbà tí mo ń gbé sobolo tútù, zobo àwọn ará Ghana, kọjá.

"Ẹ ṣáà máa tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Mo ti ń tẹ̀ ẹ́. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Kumasi."

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ère kan wà tí wọ́n wọ gáùnù fún, etí gáùnù náà sì ti tú. Kò sí télọ̀ tó lè rí ìyẹn kó mójú kúrò. Mo rí i tó nawọ́ sí i, mo rí i tó fa fọ́nrán kan, mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó wọ àpò. Ife mẹ́jọ wà lórí àwo tó wà lọ́wọ́ mi, mi ò lè sáré. Ó ṣá a. Fọ́nrán náà súnkì, èéfín dúdú yọ, kóró kan sì kù sí i lọ́wọ́.

"Rọ́bà," ni bàbá mi wí, láìpariwo.

Gbogbo wọn yí padà. Wọ́n rò pé ara ètò ni. Wọ́n pagbo yí i ká, wọ́n yọ fóònù. Obìnrin gíga kan, ẹni tó jẹ́ pé ẹnu rẹ̀ ni rírà tàbí àìrà wà, bi mí pé kí ni bàbá sọ. Màdáámù ń wò mí. Bàbá mi náà ń wò mí, ó ń dúró kí n túmọ̀ rẹ̀, ó tilẹ̀ gbé kóró náà sókè kí obìnrin náà lè rí i dáadáa.

Mo sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé, "Ó ní aṣọ náà dára púpọ̀. Báyìí ni àwọn baba ńlá wa ṣe máa ń fi iná súre fún aṣọ tuntun."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan ní kó jọ̀ọ́ tún un ṣe, òun ò tíì ya fọ́tò.

Mo ti gbàgbé ohun kan. Bàbá mi kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti dá ìbò padà fún wa ní Ghana ni rédíò ti ń da òṣèlú sí i létí nídìí maṣíìnì, látàárọ̀ dalẹ́. Ó wò mí. Ó ju kóró náà sápò, ó padà sídìí maṣíìnì rẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ lófo títí àlejò tó kẹ́yìn fi lọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn jù.

Màdáámù dì mọ́ mi. Wọ́n ti gbà, ó ní. Mo ti di máníjà.

Nínú takisí, bàbá mi bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ní èdè Ga títí a fi délé. Ó bọ́ kaftan, ó fi í kọ́, ó gba mọ́ṣáláṣí lọ kí ìrun Aláásárì, ó sì gbàgbé ìṣáná rẹ̀ sórí tábìlì.

Inú bí mi, kì í ṣe sí ara mi o, sí i. Ta ló ní kó ṣá ìṣáná? Ta ló fi í ṣe ọlọ́pàá aṣọ? Ojú mi wá bọ́ sára kaftan lára ògiri, bó ṣe ń dán, bí kò ṣe rún lẹ́yìn ọ̀sán gbogbo. Mo tú etí rẹ̀ díẹ̀ nínú, mo fa fọ́nrán kan, mo sì ṣá ìṣáná sí i. Ó súnkì. Ó yọ́. Ó di kóró dúdú.

Mo rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín sókè bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Bàbá mi ti wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbóòórùn.

"Rọ́bà ni, Bàbá," mo ní.

"Mo mọ̀."

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ọjọ́ tí ìyá ẹ gbé e wá. Mo fọwọ́ kàn án báyìí ni. Ta ló nílò ìṣáná?"

"Ẹ wá ń wọ̀ ọ́ nínú oòrùn yìí?"

"Mò ń làágùn gan-an. Lọ́jọ́ Iléyá, èmi àti àgbò, a kì í mọ ẹni tó ń jìyà jù."

"Ṣé Màámi tàn yín jẹ ni?"

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó jókòó. "Ìyá ẹ ní, 'Alhaji, mo ra aṣọ fún yín.' Aṣọ náà ni mo sì bá níbẹ̀. Kò sọ pé òwú ni. Kò sọ pé arúgbó kankan ló hun ún. Ìyá ẹ ò so nǹkan kan mọ́ ọn lọ́rùn."

Ojú tì mí ju ti gbogbo ọdún tí yunifọ́ọ̀mù mi fi ń rùn lọ. Mo sunkún, ó sì jẹ́ kí n sun ún tẹ́rùn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo dé ṣọ́ọ̀bù kí màdáámù tó dé, mo gé káàdì tuntun, mo sì so ó mọ́ gbogbo gáùnù tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: "Rọ́bà ni aṣọ yìí. Kò sí arúgbó kankan. Má wọ̀ ọ́ sún mọ́ iná." Kó tó di àsìkò oúnjẹ ọ̀sán, ó ti lé mi. Gẹ̀ẹ́sì ló fi bẹ̀rẹ̀ èébú náà, ṣùgbọ́n nígbà tí inú bí i tán, Twi rẹ̀ já gaara, kò gba imú mọ́.

Ìdí maṣíìnì kejì nínú ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ni mo padà sí, orúnkún wa sì ń gbá ara wọn. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ó ká bẹ́díṣíìtì kúrò lára kaftan, ó rí ibi tí mo tú létí rẹ̀, ó ju aṣọ náà lé mi lẹ́sẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́.

"Èyí tó o tú, rán an."

Mo fi òwú gidi rán an. Lówùúrọ̀, ó wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, inú rẹ̀ sì dùn. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti ń làágùn.