Pèpéle Kòkó Bàbá Mi àti Ìdánwò Gọ́ọ̀fù Mi

Nígbà kejì tí mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò olùkọ́ gọ́ọ̀fù, n kò lè jẹun dáadáa fún ọjọ́ méjì. Ọdún mẹ́rìnlá ni mo ti fi ṣe kádì ní pápá kan lọ́nà Àkúrẹ́, tí mò ń ru àpò igi tẹ̀lé àwọn ọ̀gá tó ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni wọ́n ń gbà wá láyè láti ṣe ìdánwò náà. Bí mo bá tún kùnà, àpò ni n ó máa rù títí ẹ̀yìn mi yóò fi kọ̀.

Mo mọ bọ́ọ̀lù ọ̀nà jíjìn gbá o. Èyí tó sún mọ́ ihò ló ń dójú tì mí, èyí tí ènìyàn kàn ń fi igi tí à ń pè ní pọ́tà rọra tì. Bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fi dánra wò tó mi. Bí mo bá ti wà nílé ní ìlú wa, Ìṣẹ́, tí wọ́n sì ti kó kòkó kúrò lórí pèpéle símẹ́ńtì tí bàbá mi ń sá a sí, n ó dá agolo mílíìkì dùbúlẹ̀ sí ìkángun, n ó sì gbá ọgọ́rùn-ún bọ́ọ̀lù sí i. Wọ́n ń wọlé bí ẹni fẹran jẹ̀kọ. Lọ́jọ́ ìdánwò, apá òsì ihò ni gbogbo wọn ń gbà kọjá.

Mo ro ẹjọ́ náà fún bàbá mi. Ẹ̀rín ni wọ́n rín, ó sì dùn mí.

"Ta ló sọ fún ọ pé pèpéle yẹn tẹ́jú?"

"Bàbá, ṣé kò tẹ́jú ni?"

"Lọ bomi wá nínú ulé."

Wọ́n da omi náà sórí símẹ́ńtì. Gbogbo rẹ̀ ṣàn lọ sápá ọ̀tún.

"Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó dagun ni. Ṣé uwọ fẹ́ kí omi òjò dúró nínú kòkó mi ni?"

Inú bí mi sí ara mi. Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi kọ́ ọwọ́ mi ní gbígbá sósì láìmọ̀! Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé agolo kiri: òní lókè, ọ̀la nísàlẹ̀, òtúnla sí ẹ̀gbẹ́ kejì. N ó kọ́kọ́ lóṣòó wo ilẹ̀ kí n tó mú igi.

Ní ìdánwò kẹta, ó ku ihò kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù mi wà ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin sí i. Bó bá wọlé, mo yege. Bí kò bá wọlé, ó parí. Mo lóṣòó, mo rí i pé ilẹ̀ dagun díẹ̀ sósì. Nígbà tí mo dìde, ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé orí pọ́tà ń lu koríko. Mo tì í sọ́tùn-ún díẹ̀. N kò gbójú sókè títí mo fi gbọ́ tó dún nínú ihò.

Èmi náà ti ń kọ́ni báyìí. Àwọn tí mò ń kọ́ máa ń bi mí pé ìgbà wo ni ẹ̀rù tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n yìí yóò kúrò lára àwọn. Òtítọ́ ni mo ń sọ fún wọn: kò tíì kúrò lára tèmi. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn náà ni mo fi gbá a wọlé.