Alágbàtọ́ Ṣọ́ọ̀ṣì Alibon

Olúyọmí ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn nílẹ̀ Ìjẹ̀bú kó tó wá di awakọ̀ bọ́ọ̀sì ní Becontree, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò sí ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ mọ́, àfi ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà kan ní àdúgbò Alibon.

Ìjà ló gbé kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀ lé e lọ́wọ́. Wòlíì Sylvanus àti Wòlíì Akínrẹ̀mí pín ìjọ sí méjì, wọ́n ní kí Tísà, bí wọ́n ṣe ń pè é, máa ṣílẹ̀kùn fáwọn títí àwọn á fi rẹ́. Olúyọmí ní bí ti àwọn erékùṣù kan lórí òkun Pàsífíìkì ṣe rí nìyẹn: lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, wọ́n gbà wọ́n lọ́wọ́ Japan, Amẹ́ríkà sì di alágbàtọ́ wọn títí wọ́n á fi lè dá dúró. Alágbàtọ́ a máa jábọ̀ fún Àjọ Àgbáyé lọ́dọọdún. Nítorí pé Àjọ Àgbáyé kò sí ní Alibon, Catherine ìyàwó rẹ̀ ló ń jábọ̀ fún, nídìí ìrẹsì ọdún tuntun.

“Wọn kò tíì tó dá dúró,” ni ìjábọ̀ náà lọ́dọọdún.

Lọ́dún yìí, ọmọbìnrin Sylvanus bímọ fún ọmọkùnrin Akínrẹ̀mí. Wòlíì méjèèjì jọ wá sílé Olúyọmí.

“Tísà, a ti rẹ́ o. Ẹ fún wa ní kọ́kọ́rọ́ wa, Sọ́ńdè la fẹ́ sọmọ lórúkọ.”

“Ẹ̀yin méjèèjì kò tíì lè jọ kọ orin kan parí.”

“Ṣé orin la fẹ́ fi ṣílẹ̀kùn ni?” Akínrẹ̀mí ló bèèrè.

Olúyọmí ní òun á rò ó. Nígbà tí wọ́n lọ, Catherine kó àwo.

“Bàbá Fọlá, ọdún mélòó ni Amẹ́ríkà lò níbẹ̀?”

“Ó lé ní ogójì. Wọ́n tiẹ̀ dán bọ́ǹbù wò níbẹ̀.”

“Ẹ ṣáà má ju bọ́ǹbù sí Alibon.” Ó nu tábìlì. “Tẹ́ ẹ bá fún wọn, kí lẹ máa lọ ṣe níbẹ̀ ní Sọ́ńdè?”

Olúyọmí gba àwo lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lọ fọ̀ wọ́n.

Ní Sọ́ńdè, ó bá ìjọ méjèèjì lóde, wọ́n ti bọ́ bàtà nínú òjò, ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ṣílẹ̀kùn, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí wọn. Ọwọ́ àwọn wòlíì méjèèjì ló dì í mú.

“Èmi ni àgbà,” ni Sylvanus wí.

“Àgbà níbo? Nínú sùtánà funfun yìí?”

Kò sẹ́ni tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, Sylvanus kọjú sí Olúyọmí.

“Tísà, ẹ kúkú gbà á padà ná.”

Ọwọ́ Olúyọmí ti gbéra kó tó dá ọwọ́ náà padà sínú àpò. Ó bọ́ bàtà, ó lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Àwọn wòlíì méjèèjì pariwo lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọmọ wọlé, Olúyọmí sì dìde pẹ̀lú àwọn ará ìjọ yòókù.