Àsàlátù Uncle mi

Tí mo bá ti gbọ́ orin àsàlátù, òórùn pẹtiróòlù ló máa ń ta sí mi nímú. Uncle mi, mẹkáníìkì ní Peckham nílùú òyìnbó, ní ọkọ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń sá eré ìje. Ìjókòó awakọ̀ nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ní Sunday, tí Aunty, ìyàwó wọn, bá ti lọ sí shift níbi iṣẹ́, wọ́n á ní àsàlátù làwọn ń lọ, pápá eré ìje ni wọ́n sì máa ń gbà lọ. Wọ́n á fi fóònù gbọ́ wáàsí àti orin àsàlátù lábẹ́ ọkọ̀, kí wọ́n lè rí nǹkan sọ tí wọ́n bá délé.

Ìgbà tí orúnkún Aunty ò gba bọ́ọ̀sì mọ́, àánú ṣe Uncle, ojú sì tì wọ́n. Wọ́n sọ ọkọ̀ náà di ti títì. Wọ́n yọ táyà ńlá, wọ́n fi sailẹ́nsà pa ariwo rẹ̀, wọ́n de ìjókòó kejì mọ́ ọn. Gbogbo bóòtù tí wọ́n bá dè, wọ́n á ní, "Astagfirulai."

Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ náà yege MOT, àyẹ̀wò tí ìjọba fi ń gbà kí ọkọ̀ rìn ní títì, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún Aunty. "Mummy, níbo la máa kọ́kọ́ lọ?"

Aunty so bẹ́líìtì. "Àsàlátù ni, Daddy. Àfáà ní kí n mú yín wá, kí àwọn náà lè mọ̀ yín."

Uncle di kọ́kọ́rọ́ mú, wọn ò lè yí i.