Agolo Tó Ń Ké Níbi Kọ́nà Páìpù

"Ìyá Fúnmi, ẹ pa ariwo yẹn. Àlejò wà níbí."

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀ pé mo ti gboyè dókítà, ṣùgbọ́n kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mi ò pa agogo ìkìlọ̀ tó ń ké náà.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Ìlọrin ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. A ní ẹ̀rọ kan tó ń ta èérún átọ́ọ̀mù, tí wọ́n ń fi eré burúkú gba inú páìpù kọjá. Irin òòfà ló ń darí wọn níbi tí páìpù ti yà. Bí wọ́n bá ṣìnà, wọ́n á kọ lu ara páìpù, ìtànṣán tí ojú kò rí á sì tú jáde, á máa jẹ ara ènìyàn díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ mi ni láti ṣe ẹ̀ṣọ́, ohun èlò kékeré tí yóò ké nígbà náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó wá láti òkè òkun kì í pẹ́ bàjẹ́, ìtànṣán náà gan-an ló ń pa wọ́n. Èmi àti Àlájì Sálíù, tó ń tọ́jú ẹ̀rọ, bá fi idẹ ṣe agolo, a fi gáàsì àti wáyà kan sínú rẹ̀, a sì so ó mọ́ agogo. Èyí kò kú.

Àbùkù rẹ̀ lójú àwọn ará ẹ̀ka ni pé gbogbo ìgbà tí iná bá lọ tó sì padà dé ló máa ń ké. Wọ́n á ní, "Agolo ń kí iná káàbọ̀," wọn á sì pa agogo. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fi bó: bí iná bá ti dé, ẹ̀rọ ń ta èérún kí òòfà tó jí. Ọ̀gá ní wáyà ló ń gbọ̀n, pé obìnrin fẹ́ràn ìbẹ̀rù.

Lọ́jọ́ àlejò yẹn, iná lọ, ó dé, agolo ké, kò sì dákẹ́. Òòfà kò jí rárá. Àwọn àlejò wà lẹ́yìn ògiri tó yẹ kó dí ìtànṣán, ní ìdojúkọ kọ́nà páìpù, níbi tí sìmẹ́ǹtì ti tán mọ́ agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́, tí ògiri náà fi fẹ́lẹ́. Sálíù fẹ̀yìn ti ògiri náà, ó ń ṣàlàyé fún wọn.

Mo sọ fún ọ̀gá pé, "Màá pa á, sà, tí ẹ bá lè lọ dúró síbi tí Àlájì wà."

Ó wo ògiri. Ó wò mí. Kò gbé ẹsẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ó ti mọ̀ tipẹ́ pé òótọ́ ni agolo ń sọ. Mo pa iná ẹ̀rọ náà pátá. Ó sọ fún àwọn àlejò pé iná tún ti lọ, wọ́n sì rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí a tú páìpù, kọ́nà rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́dún yẹn, wọn ò gbé mi ga, wọ́n ní mo dójú ti ẹ̀ka. Ọ̀gá gbé agolo mi lọ sókè òkun, ó ní òun lòun ṣe é.

Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ rere nípa rẹ̀. Mo dìde, mo bi í lójú gbogbo ènìyàn ìdí tí kò fi lọ dúró níbi ògiri. Ó gbé ife omi rẹ̀, ó mu ún.

Sálíù fà mí láṣọ. "Dókítà, ó tó."

Kò tó. Wọ́n ti sin ọ̀gá báyìí, kò sì dáhùn ìbéèrè mi rí.